Kọ́bọ̀ Ọba Tí Wọn Kò Dé Ládé

Adé wà lára owó náà, ṣùgbọ́n kò sí orí lábẹ́ adé. Ihò ló wà níbi tí ojú ọba ì bá wà. Lẹ́tà Látìn yí ihò ọ̀hún ká: EDWARDVS VIII REX ET IND: IMP:, tí í ṣe Edward Kẹjọ, ọba Gẹ̀ẹ́sì àti olú-ọba Íńdíà. Wọ́n kọ iye rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú, ONE PENNY. Ẹni tó bá yí i padà á rí ìràwọ̀ onígun mẹ́fà, orúkọ British West Africa, àti ọdún 1936. Ó fẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 30. Nígbà tó ṣì tuntun, ó ń dán bíi fàdákà, bẹ́ẹ̀ bàbà tí wọ́n pò mọ́ níkẹ̀lì ni.

Irú kọ́bọ̀ yìí ni wọ́n ná ní Adó-Èkìtì, ní Ìyìn, ní Ìgèdè, ní Àràmọ̀kọ, títí dé Èkó, Accra, Freetown àti Bathurst. Ọba tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀ kò dé adé rí. Kò tilẹ̀ pé ọdún kan lórí ìtẹ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù tó jẹ́ ìlú rẹ̀ gan-an, aráàlú kò fi owó tó ní orúkọ rẹ̀ ra búrẹ́dì lọ́jọ́ kan. Àwọn aláta, àwọn onírù àti àwọn ẹlẹ́kọ ilẹ̀ Áfíríkà ló gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà, tí wọ́n sì fi ṣẹ́ńjì fún ẹlòmíràn.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí bẹ́ẹ̀ yẹ ní sísọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilé l'Ékìtì ni kọ́bọ̀ onihò ṣì wà nínú àpótí ìyá àgbà, tí àwọn ọmọ sì ń kà á sí pàǹtí.

Orúkọ ọba lára owó kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ní Yúróòpù, kí ẹ̀rọ tó dé, òòlù ni wọ́n fi ń ṣe owó. Wọ́n á gé fàdákà pẹlẹbẹ, wọ́n á gbé e sórí irin tí wọ́n ti gbẹ́ àwòrán sí, wọ́n á fi irin gbígbẹ́ kejì tẹ̀ ẹ́ lórí, wọ́n á sì ju òòlù sí i. Ojú méjèèjì á gba àmì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kò sí méjì tó jọra délẹ̀: òmíràn á wọ́, etí òmíràn á fàya, ìdajì lẹ́tà á sọnù lára òmíràn. Kì í sì í ṣe àwọn ọba nìkan ló ń ṣe é. Àwọn dúúkù tó ní ilẹ̀ abẹ́ wọn, irú ti Brittany, Burgundy àti Aquitaine ní ilẹ̀ Faransé, ń ṣe owó fàdákà tiwọn, wọ́n sì ń kọ orúkọ ara wọn sí i. Ẹni tí àṣẹ owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni aráyé mọ̀ sí onílẹ̀.

Edward mìíràn wà nínú ìtàn owó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni, Black Prince ni wọ́n ń pè é, òun ló sì ń ṣàkóso Aquitaine láti 1362 sí 1372. Ó ṣe owó wúrà àti ti fàdákà ní orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀. Àrólé ọba Gẹ̀ẹ́sì ni, gbogbo ayé ló ń retí pé yóò jọba, àmọ́ ó kú ní 1376, ọdún kan ṣáájú bàbá rẹ̀. Owó tó fi òòlù lù sílẹ̀ ni àwọn tó ń ṣa owó àtijọ́ jọ ń wá kiri títí di òní.

Owó fàdákà irú àwọn olóyè Yúróòpù wọ̀nyẹn tilẹ̀ wọ ilẹ̀ tí a mọ̀ sí Nàìjíríà lónìí. Maria Theresa ti Austria kú ní 1780, ṣùgbọ́n wọn kò yéé tẹ owó rẹ̀. Ọdún 1780 ni wọ́n ń kọ sí i ṣáá, pẹ̀lú orúkọ oyè rẹ̀ ní Austria àti ní Burgundy. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wúwo tó gíráàmù 28, fàdákà sì ni ìdá 833 nínú ìdá 1,000 rẹ̀. Àwọn oníṣòwò aṣálẹ̀ kó o la Sàhárà kọjá, ó sì di owó tí wọ́n ń ná ní Bọ̀rnó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ní àkókò yẹn, owó ẹyọ ni Èkìtì ń ná.

Erékùṣù Maldives nínú Òkun Íńdíà ni owó ẹyọ ti kọ́kọ́ wá, ọkọ̀ ojú omi àwọn òyìnbó ló ń kó o dé etíkun wa, ẹrú sì ni wọ́n fi ń ra púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀gàn kò sí nínú pé kí a sọ ọ́ bẹ́ẹ̀: ẹ̀jẹ̀ wà lára owó yẹn. Lẹ́yìn 1845, àwọn oníṣòwò Jámánì láti Hamburg bẹ̀rẹ̀ sí í kó oríṣi mìíràn wá láti Zanzibar, èyí tó tóbi ju ti Maldives lọ, tí kò sì wọ́n. Wọ́n kó o wá lọ́pọ̀lọpọ̀, bó sì ti ń pọ̀ lọ́jà ni iye rẹ̀ ń já wálẹ̀.

Ogójì ẹyọ ni okùn kan. Àádọ́ta okùn di ẹgbàá, ìyẹn orí kan. Orí mẹ́wàá di ọ̀kẹ́ kan, tí í ṣe 20,000. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi ń parí lọ, ọ̀kẹ́ kan kò ju nǹkan bíi ṣílè márùn-ún lọ mọ́. Oníṣòwò Adó tó bá fẹ́ gbé owó tó tó pọ́n-ùn kan lọ sí Òṣogbo ní láti ka 80,000 ẹyọ, kí ó sì wá alárù mẹ́rin tí yóò rù ú, nítorí pé ọ̀kẹ́ kan ṣoṣo tó ẹrù orí ọkùnrin kan. Owó oúnjẹ àwọn alárù á jẹ lára owó tí wọ́n rù.

Ogun Kírìjí, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, tí àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká tán títí di 1893, ti jẹ́ kí ọ̀nà ọjà dí fún ọdún púpọ̀. Nígbà tí ọ̀nà là padà, owó ẹyọ ni Èkìtì ṣì mú jáde. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Gúúsù Nàìjíríà fòfin de kíkó owó ẹyọ wọ̀lú ní 1904. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì gba ibòmíràn lọ láìya Èkìtì. Orí ènìyàn ni ṣílè fi ń wọ Èkìtì, kí lọ́rì tó wá gbà á.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1913, Adó di olú-ìlú Ẹkùn Èkìtì lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òyìnbó ajẹ́lẹ̀ sì wá jókòó síbẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀nà bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ ilé ìjọba bẹ̀rẹ̀, owó iṣẹ́ sì di ohun tí wọ́n ń kà ní ṣílè àti kọ́bọ̀. Ọdún yẹn kan náà ni owó tuntun jáde. Àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1912, West African Currency Board, ló ń ṣe é fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Ṣílè rẹ̀ rẹwà. Orí George Karùn-ún tó dé adé wà lójú kan, igi ọ̀pẹ wà lójú kejì. Fàdákà gidi ni, ìdá 925 nínú 1,000, irú èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń ná nílé.

Ẹwà náà kò pẹ́. Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ mú kí fàdákà wọ́n. Ní 1916, àjọ náà gbé owó bébà jáde, ní 1918 ó tún gbé bébà ṣílè kan jáde, àwọn ènìyàn sì kọ̀ ọ́. Kí ni àgbẹ̀ tó ń sin owó sínú ilẹ̀ yàrá fẹ́ fi bébà ṣe? Òjò ń bẹ, ikán ń bẹ, iná ń bẹ nínú ilé tí wọ́n fi koríko bò. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Nígbà tó fi di 1920, fàdákà inú ṣílè kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ́n ju ṣílè náà fúnra rẹ̀ lọ, ni àjọ náà bá jáwọ́ nínú fàdákà, ó bọ́ sórí irin aláwọ̀ idẹ. Wọ́n ń gba ti fàdákà padà, wọ́n ń yọ́ ọ. Èyí tó bọ́ lọ́wọ́ wọn, àwọn alágbẹ̀dẹ tún ń yọ́ ọ ṣe ẹ̀gbà àti yẹtí. Ìdí nìyẹn tí ṣílè fàdákà ọlọ́pẹ fi ṣọ̀wọ́n nínú àpótí ìdílé, tí kọ́bọ̀ onihò sì pọ̀.

Ìjọba ti kọ́kọ́ gbìyànjú owó kékeré kí ó tó dé orí ti 1936. Ẹni tó ti mọ́ lára láti fi ìwọ̀nba owó ẹyọ ra iyọ̀ ṣíbí kan kò lè máa ru kọ́bọ̀ odidi kiri, nítorí kọ́bọ̀ kan pọ̀ jù fún ohun tó fẹ́ rà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ṣe ọ̀nìní, ìdá kan nínú mẹ́wàá kọ́bọ̀. Ọ̀nìní 2,400 ló wà nínú pọ́n-ùn kan. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é ní 1907. Ojú ọjọ́ wa, pẹ̀lú ọ̀rinrin rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, wọ́n sì yí i sí bàbà àti níkẹ̀lì láti 1908. Ọ̀nìní, ààbọ̀ kọ́bọ̀ àti kọ́bọ̀, gbogbo wọn ló ní ihò láàárín.

Ihò yẹn ló bá àṣà wa mu jù lọ. Àwọn tó ti ń sín owó ẹyọ sórí okùn láti ayé bàbá wọn lè sín kọ́bọ̀ bákan náà, kí wọ́n so ó mọ́ ìdí ìró, kí ó má já bọ́ lọ́nà oko. Ihò yẹn kan náà ló sì bí ìtàn ọba tí kò dádé.

Nàìjíríà ti rí Edward sójú kí ó tó jọba. Ní oṣù Kẹrin 1925, nígbà tó ṣì jẹ́ àrólé, ọkọ̀ ogun ojú omi Repulse gbé e wá. Àwọn ẹlẹ́ṣin ṣe dọ́bà ńlá fún un ní Kano. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń tàn kálẹ̀ ń jà l'Ékòó nígbà yẹn, èyí tó mú kí wọ́n gé àbẹ̀wò rẹ̀ níbẹ̀ kúrú. Kò dé Èkìtì.

George Karùn-ún wàjà ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní 1936, Edward sì rọ́pò bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ owó tuntun bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àríyànjiyàn sì bẹ́ sílẹ̀ lórí ìhà tí ojú ọba yóò kọ. Àṣà Gẹ̀ẹ́sì ni pé bí ọba kan bá kọjú sí òsì lára owó, ẹni tó bá jẹ lẹ́yìn rẹ̀ yóò kọjú sí ọ̀tún. Bàbá rẹ̀ ti kọjú sí òsì. Òun náà ní òsì ni òun fẹ́, torí ó gbà pé ìhà yẹn ló yẹ òun jù. Bí wọ́n ti ń gbẹ́ àwòrán, tí wọ́n ń dán an wò, oṣù ń lọ. Ètò ni pé kí owó Gẹ̀ẹ́sì tuntun jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ 1937.

Kọ́bọ̀ onihò kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Ojú ọba kò sí lára rẹ̀, nítorí ihò ti gba àyè rẹ̀. Orúkọ nìkan ni wọ́n ní láti yí padà: wọ́n mú George kúrò, wọ́n fi Edward sí i, iṣẹ́ parí. Iléeṣẹ́ owó ọba ní Lọ́ńdọ̀nù àti àwọn iléeṣẹ́ aládàáni méjì ní Birmingham, Heaton àti King's Norton, tẹ kọ́bọ̀, ààbọ̀ kọ́bọ̀ àti ọ̀nìní fún Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà láàárín 1936. Wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún Ìlà Oòrùn Áfíríkà, fún Fiji àti fún New Guinea. Onihò ni gbogbo wọn.

Edward fẹ́ gbé Wallis Simpson níyàwó, obìnrin ará Amẹ́ríkà tó ti kọ ọkọ kan sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó sì ń kọ èkejì lọ́wọ́. Ìjọba àti ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ò gbà. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1936, lẹ́yìn ọjọ́ 326 lórí ìtẹ́, ó fi oyè sílẹ̀. Wọ́n ti mú ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún 1937 fún ìwúyè rẹ̀. Ọjọ́ náà kò yẹ̀, àbúrò rẹ̀, George Kẹfà, ni wọ́n dé ládé. Edward di Dúúkù Windsor. Àwọn owó Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ti fi orí rẹ̀ dánwò, wọ́n tì wọ́n mọ́lé. Àwọn tọ́rọ́ díẹ̀ tí wọ́n ti pín fún àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ olówó, kí wọ́n fi wò ó bóyá yóò wọlé sínú ẹ̀rọ wọn, ni kò padà sílé tán.

Owó ti Áfíríkà ti wọ ọkọ̀. Ta ló fẹ́ lọ kó o padà? Bí ó ti ń dé Èkó ló ń gba báńkì àti kàǹtà àwọn oníṣòwò kòkó wọ ìlú òkè. Ní 1937 yẹn, Adó ń ṣe ìwúyè tirẹ̀: Ọba Aládésanmí Kejì gorí ìtẹ́ Ewì, wọn ò sì kúrò níbẹ̀ títí di 1983. Ní Èkìtì, tó ní ọba aládé mẹ́rìndínlógún, ilẹ̀ tí adé ọba jẹ́ ohun tí wọ́n ń fi ìlẹ̀kẹ̀ àti ètùtù bọ̀wọ̀ fún, owó tí adé wà lára rẹ̀ láìsí orí ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, kò sì sí ẹni tó tìtorí rẹ̀ yọwó kúrò lórí ọjà. Ìjọba ò fagi lé e, bàbà àti níkẹ̀lì rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti George, ọjà sì ń gbà á.

Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn. Owó George Kẹfà bá a nílẹ̀, ti Elizabeth Kejì tún tẹ̀ lé e. Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 1959, ó sì gbé owó Nàìjíríà jáde. Kọ́bọ̀ rẹ̀ ṣì ní ihò. Edward kú nílé rẹ̀ ní Paris ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 1972. Oṣù méje lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1973, náírà dé. Ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀ di náírà kan, ṣílè mẹ́wàá àtijọ́ ni náírà kan rọ́pò, kọ́bọ̀ tuntun ọ̀hún kò sì ní ihò mọ́.

Nísinsìnyí, èló ni kọ́bọ̀ Edward tà? Ìbéèrè yìí ń kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sí wàhálà, nítorí pé àwọn ẹlẹ́tàn wà tó ń sọ fún aráàlú pé owó àtijọ́ yóò sọ wọ́n di olówó, kí wọ́n ṣáà kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù. Òtítọ́ wà lẹ́yìn irọ́ wọn, òun ló sì ń mú kí irọ́ náà dùn. Ní oṣù Kìíní 2020, ẹnì kan ní Gẹ̀ẹ́sì fi mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn ra owó wúrà kan ṣoṣo tó ní orí Edward Kẹjọ, ọ̀kan nínú ìwọ̀nba tí wọ́n fi dánwò nígbà yẹn. Kọ́bọ̀ tiwa ń jẹ́ orúkọ ọba kan náà. Àmọ́ wọ́n tẹ ti wa lọ́pọ̀lọpọ̀, gbogbo ayé ná an, púpọ̀ ló sì ṣẹ́ kù. Pọ́n-ùn díẹ̀ ló ń tà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta owó àtijọ́. Ẹni tó bá ní kí a san owó kí ó tó bá wa tà á, olè ni.

Kò yẹ kí iye yẹn mú ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nù. Owó wúrà mílíọ̀nù náà kò ra ohunkóhun lọ́jà rí; inú àpótí ló ti jáde. Kọ́bọ̀ tiwa ti ra ẹ̀kọ, ó ti san owó orí, ó ti wọ inú àpò ọrẹ ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ojú rẹ̀ bá ti fá, ọwọ́ ènìyàn ló fá a. Ohun tó wúlò jù ni kí ẹni tó bá rí i nílé béèrè lọ́wọ́ àgbà tó kù pé ta ló kó o pa mọ́, iṣẹ́ wo ni ẹni náà ṣe, ọjà wo ló ń ná, kí ó sì kọ ọ́ sórí ìwé kí ó fi sí i. Tíṣà Ìtàn tó bá gbé ọ̀kan wọ kíláàsì l'Ádó á rí i pé Maldives, Hamburg, Birmingham àti Òṣogbo ti wà nínú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo.

Kí wọ́n má fi ọsàn wẹ́wẹ́, eérú tàbí iyanrìn fọ̀ ọ́. Dídán tó bá dán lẹ́yìn èyí, ara rẹ̀ ló ti bó, kò sì sẹ́ni tó lè dá a padà. Kí wọ́n fi aṣọ gbígbẹ nu eruku rẹ̀, kí wọ́n sì fi bébà wé e lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má baà máa gbo ara wọn. Mágínẹ́ẹ̀tì kì í fa ojúlówó rẹ̀ mọ́ra.

Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fara balẹ̀ wò ó. Kọ́bọ̀ 1936 kì í ṣe ti Edward nìkan, nítorí George Karùn-ún náà ní tirẹ̀ lọ́dún kan náà; orúkọ ni yóò sọ. Lẹ́tà H fi hàn pé Heaton ló ṣe é, KN fi hàn pé King's Norton ni, èyí tí kò ní lẹ́tà sì ti Lọ́ńdọ̀nù wá. Nínú àwọn tó ní H ni èyí tó ṣọ̀wọ́n gan-an wà. Irin gbígbẹ́ dàrú mọ́ra wọn ní Birmingham, wọ́n sì fi ti Ìlà Oòrùn Áfíríkà tẹ ojú kan, wọ́n fi ti Ìwọ̀ Oòrùn tẹ èkejì. Ẹni tí kọ́bọ̀ oníràwọ̀ rẹ̀ bá ní H, tí ojú aládé rẹ̀ kò sì bá ti àwọn yòókù mu, kí ó má tà á fún ẹnikẹ́ni kí ẹni tó mọ owó àtijọ́ tó wò ó.